Ìfun Ńlá, Sẹ́ẹ̀lì Tuntun àti Ọ̀rọ̀ Ìṣe 'Jẹ': Àlàyé lórí Ìsọdọ̀tun Awọ Inú Ìfun àti Ewu Tó Rọ̀ Mọ́ Ọn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí awọ tó bo inú ìfun ńlá ṣe ń dàgbà, àti bí ó ṣe ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó fi hàn pé agbára ìsọdọ̀tun yìí ni ààbò ìfun, àti pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni àrùn jẹjẹrẹ ń gbà wọlé. Ó yẹ ipa tí oúnjẹ ń kó nínú ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì tọ́ka sí ewu tó wà nínú kí á máa pe gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ ní jẹ̀díjẹ̀dí.

Ìfáárà

Ní àwọn àdúgbò tó yí Ọ̀tà àti Sàǹgó ká, pàápàá jù lọ ní Ìjù, níbi tí oko àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti jọ ń gbé, orúkọ àìsàn kan wà tó tètè máa ń wá sẹ́nu àwọn ènìyàn. Bí ìdí bá ń ta ènìyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni. Wọn a ní kí ó yé jẹ ohun dídùn, wọn a sì bu àgbo fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá dá fún ìgbà díẹ̀, aláìsàn a gbà pé ara òun ti yá.

Ìtumọ̀ orúkọ yìí kò farasin. 'Jẹ' àti 'ìdí' ni a so pọ̀ tí a sì ṣe àpètúnpè wọn: ohun tó ń jẹ ènìyàn ní ìdí. Ọ̀rọ̀ ìṣe 'jẹ' yìí kan náà ló hàn nínú orúkọ àrùn mìíràn, ìyẹn jẹjẹrẹ. Èdè fi àrùn méjèèjì sí abẹ́ ìṣe kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan ń ṣe nínú ara yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì. Nínú jẹ̀díjẹ̀dí gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà ṣe mọ̀ ọ́n, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ihò ìdí ló wú. Nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá ẹ̀wẹ̀, kò sí ohun kan tó ti òde wá tó ń jẹ ìfun. Awọ ìfun fúnra rẹ̀ ló ń dàgbà kọjá ààlà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ yìí dájú ní láti kọ́kọ́ mọ bí awọ náà ṣe ń dàgbà nígbà tí ara le. Lórí èyí ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ìrísí Ìfun Ńlá àti Awọ Inú Rẹ̀

Ìfun ńlá bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìfun kékeré parí sí, ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Ó gòkè lọ sí abẹ́ ẹ̀dọ̀, ó dábùú ikùn kọjá sí apá òsì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì parí sí ihò ìdí. Gígùn rẹ̀ nínú àgbàlagbà tó mítà kan àti ààbọ̀. Kí oúnjẹ tó dé ibẹ̀, ìfun kékeré ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣe ara lóore. Iṣẹ́ tó kù fún ìfun ńlá ni kí ó fa omi àti iyọ̀ padà sínú ara, kí ó tọ́jú ìgbẹ́ títí àkókò yóò fi tó láti yà á, kí ó sì gba ẹgbàágbèje bakitéríà tó ń gbé inú rẹ̀ lálejò.

Ohun tó ya àwọn bakitéríà wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀ kò nípọn rárá. Sẹ́ẹ̀lì tó tò síra wọn ní ìpele kan ṣoṣo ni. Bí a bá fi ẹ̀rọ máíkírósíkóòpù wo awọ yìí láti òkè, ó jọ afárá oyin: ihò kéékèèké ló kún inú rẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kòtò tó jìn wọ inú awọ, tí sẹ́ẹ̀lì sì tò yí ògiri rẹ̀ ká láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu. Irú kòtò bẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìfun ńlá ènìyàn kan, sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó bí 2,000.

Iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kò dọ́gba. Àwọn kan ń fa omi. Àwọn kan ń ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà ara yòókù nípa ohun tó ń lọ nínú ìfun. Àwọn mìíràn ń pèsè ikun tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, èyí tó bo ojú awọ náà. Ìpele méjì ni ikun ìfun ńlá pín sí. Èyí tó wà lókè rọ̀, bakitéríà sì ń gbé inú rẹ̀. Èyí tó lẹ̀ mọ́ awọ ki, bakitéríà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà wọ ibẹ̀. Nígbà tí ìfun bá ṣàìsàn, ikun yìí lè pọ̀ débi tí yóò fi máa bá ìgbẹ́ jáde. Òun ni àwọn àgbà rí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbẹ́ ọ̀rìn.

Ìrìnàjò Sẹ́ẹ̀lì Kan láti Ìsàlẹ̀ Dé Ẹnu Kòtò

Kò sí sẹ́ẹ̀lì tó lè pẹ́ níbi tí ìgbẹ́ ti ń gba ara rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Nítorí náà ni ara kò ṣe dúró de ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì yóò gbó kí ó tó wá arọ́pò fún un. Ní ìsàlẹ̀ kòtò kọ̀ọ̀kan ni àwọn sẹ́ẹ̀lì mélòó kan wà tí a lè pè ní ìyá sẹ́ẹ̀lì. Àwọn wọ̀nyí kì í kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa pín sí méjì, kí àyè ìyá má ṣófo, kí ọmọ sì máa gòkè. Ọmọ tó bá gòkè yóò tún pín ní ìgbà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni ìpínyà yóò dáwọ́ dúró, tí sẹ́ẹ̀lì yóò sì gba iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe omi fífà tàbí ikun pípèsè. Bí àwọn tó wà lẹ́yìn ṣe ń dé ni àwọn tó wà níwájú ń sún sókè. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fi dé ẹnu kòtò, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Yóò já bọ́ sínú ìfun, yóò sì bá ìgbẹ́ lọ.

Gbogbo ìrìnàjò yìí kò ju nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀tà mọ irú ètò yìí dáadáa: ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ń jáde, ẹni tí yóò ṣe ti àárọ̀ ń wọlé, ẹ̀rọ kò sì dúró. Òwe Yorùbá pàápàá ti sọ ọ́ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ló ń rọ́pò rẹ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọmọ ti ń yọ. Ìdí kòtò náà ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń wá.

Ìmọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1963, Martin Lipkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ìsọdọ̀tun sẹ́ẹ̀lì nínú ìfun ńlá ènìyàn. Wọ́n lo èròjà tí a lè tọpasẹ̀ rẹ̀ láti fi mọ sẹ́ẹ̀lì tó ń pín, wọ́n sì rí i bí ó ṣe ń gòkè láti ìsàlẹ̀ kòtò wá sí ojú awọ. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àmì tó dájú tó wà tí a fi lè dá ìyá sẹ́ẹ̀lì mọ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 2007 ni Nick Barker, Hans Clevers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Utrecht, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, fi hàn nínú eku pé àwọn ìyá sẹ́ẹ̀lì ìfun ní àmì kan lára tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lgr5. Ní ọdún 2009, Toshiro Sato, tó wà nínú ikọ̀ Clevers, mú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo láti inú ìfun kékeré eku, ó tọ́jú rẹ̀ nínú àwo, sẹ́ẹ̀lì kan náà sì kọ́ ògiri ìfun kékeré tó ní kòtò tirẹ̀.

Ìṣirò tí Ron Sender àti Ron Milo gbé jáde ní ọdún 2021 jẹ́ kí bí iṣẹ́ yìí ṣe tóbi tó hàn. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì tí ara ènìyàn ń pààrọ̀ lójúmọ́ tó bílíọ̀nù 330. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni sẹ́ẹ̀lì awọ inú ikùn àti ìfun lápapọ̀, tó tó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àṣẹ Tó Ń Darí Ìdàgbàsókè

Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín láìsí ìdádúró, kòtò yóò kún àkúnya. Bí ó bá lọ́ra jù, awọ yóò ṣí sílẹ̀, bakitéríà yóò sì rí àyè wọ inú ara. Ara fi àṣẹ méjì tó dojú kọ ara wọn yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìsàlẹ̀ kòtò ni àṣẹ àkọ́kọ́ ti ń wá. Wnt ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ohun tó sì ń wí fún sẹ́ẹ̀lì ni pé kí ó máa pín. Àṣẹ kejì, tí wọ́n ń pè ní BMP, lágbára lápá òkè. Ó ń wí fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó dáwọ́ ìpínyà dúró, kí ó kọjú sí iṣẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń gòkè ló ń jìnnà sí àṣẹ àkọ́kọ́ tó sì ń súnmọ́ ìkejì.

Nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ìjánu kan tún wà. Orúkọ jíìnì tó ń pèsè rẹ̀ ni APC. Níwọ̀n ìgbà tí ìjánu yìí bá pé, sẹ́ẹ̀lì tó ti kúrò ní ìsàlẹ̀ kò lè máa hùwà bí ẹni tó ṣì ń gbọ́ àṣẹ Wnt. Ní ọdún 1991 ni àwọn onímọ̀ rí jíìnì yìí, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí àwọn ìdílé kan tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún kókó máa ń yọ nínú ìfun àwọn ọmọ wọn láti kékeré. Ẹni tó bá jogún APC tó ti bàjẹ́, tí kò sì rí ìtọ́jú, fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá.

Ìdàgbàsókè tún ní ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ọmọdé ń ga, tí ìfun rẹ̀ sì ń gùn, kòtò tó wà tẹ́lẹ̀ kò lè tó. Kòtò kan a là sí méjì láti ìsàlẹ̀, méjì a di mẹ́rin. Nínú àgbàlagbà, ìlàsíméjì yìí kò wọ́pọ̀ mọ́, àfi bí egbò bá wà tí ara fẹ́ dí.

Oúnjẹ Ènìyàn, Oúnjẹ Sẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara. Ti ìfun ńlá yàtọ̀: inú ìfun gan-an ni àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tí wọ́n ń lò. Roediger fi hàn ní ọdún 1980 pé bútírétì ni wọ́n yàn láàyò. Bútírétì kò sí nínú oúnjẹ tí à ń jẹ lọ títí. Bakitéríà ló ń pèsè rẹ̀ láti inú fáíbà, ìyẹn apá tí inú ènìyàn kò lè dà nínú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Bí fáíbà kò bá dé ìfun ńlá, ebi ń pa bakitéríà náà, ebi sì ń pa awọ ìfun.

Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní Uganda fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló sọ ọ̀rọ̀ fáíbà di ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́. Ní ọdún 1971, ó kọ ọ́ pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Áfíríkà tó ń gbé ìgbèríko nítorí pé oúnjẹ wọn kún fún fáíbà. Àkọsílẹ̀ láti Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti dá ibùdó àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní ọdún 1960, fi hàn pé àrùn náà kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá náà nígbà yẹn.

Ìwádìí tó so oúnjẹ mọ́ ìsọdọ̀tun sẹ́ẹ̀lì ní tààrà ni èyí tí Stephen O'Keefe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2015. Wọ́n mú ogún ènìyàn dúdú láti ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, àti ogún ará ìgbèríko láti South Africa. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ wọn: àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ oúnjẹ tí fáíbà pọ̀ nínú rẹ̀ tí ọ̀rá sì kéré, àwọn ará South Africa jẹ oúnjẹ ẹlẹ́ran àti ọlọ́ràá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìpínyà sẹ́ẹ̀lì nínú awọ ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà ti dín kù, bútírétì inú ìfun wọn sì ti pọ̀ sí i. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará South Africa. Kì í ṣe pé jẹjẹrẹ mú ẹnikẹ́ni láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí ìwádìí náà fi hàn ni pé ìyára ìpínyà sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé oúnjẹ, kì í sì í pẹ́ kí ó tó yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìjù gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ìrìnàjò láti ìgbèríko sí ìlú ńlá, tí àwọn ará South Africa yẹn rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ni agbègbè Ọ̀tà ti ń rìn láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti ń gba ilẹ̀ oko. Ẹni tó ń kánjú wọ iṣẹ́ a ra búrẹ́dì funfun, indómì tàbí ẹran dídín, a sì fi ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tì í. Bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́wà àgànyìn kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan náà, ewédú, gbúre, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ sì wà lọ́jà. Ó yẹ kí á tún kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ìbílẹ̀ ni fáíbà pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá sẹ́ ògì, inú eèrí tí à ń dà fún ẹran ọ̀sìn ni èyí tó pọ̀ nínú fáíbà àgbàdo ń bá lọ. Ẹ̀gbo àti àgbàdo sísè kò pàdánù tiwọn bẹ́ẹ̀.

Nígbà Tí Ìjánu Bá Já

Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí sẹ́ẹ̀lì bá pín ni ó gbọ́dọ̀ da gbogbo DNA rẹ̀ kọ. Adàwékọ tó já fáfá jù náà a máa ṣi lẹ́tà kan kọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àṣìkọ bá bọ́ sára ọmọ sẹ́ẹ̀lì tó ń gòkè, kò léwu púpọ̀, nítorí láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò já bọ́ tòun ti àṣìkọ rẹ̀. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú àǹfààní ńlá tó wà nínú ìsọdọ̀tun. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sára ìyá sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, yóò sì máa ran àwọn ọmọ. Ìwádìí tí Henry Lee-Six àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé, nínú ìfun tí kò ní àrùn kankan, irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀ tó ń kún ìyá sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún ju 40 lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ewu wà nígbà tí ọ̀kan bá bọ́ sórí jíìnì tó jẹ́ ìjánu.

Eric Fearon àti Bert Vogelstein ṣàlàyé ní ọdún 1990 pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá kì í dé lójijì. Àṣìkọ kan a mú kí kókó kékeré yọ lára awọ. Òmíràn a mú kí ó tóbi. Òmíràn a mú kí ó ya ògiri ìfun wọ inú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń gbà tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí kókó tó di jẹjẹrẹ. Bí dókítà bá fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo inú ìfun láàárín ìgbà náà, ó lè rí kókó ọ̀hún, kí ó sì gé e kúrò lọ́jọ́ kan náà.

Àlàyé yìí kò bá ti ilẹ̀ Yorùbá mu tán. Ní ọdún 2013 ni Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ilé-ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York bẹ̀rẹ̀ àjọṣe ìwádìí kan lórí àrùn jẹjẹrẹ. Ìwádìí tí Olusegun Alatise àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde láti inú àjọṣe yìí ní ọdún 2021 fi hàn pé ìbàjẹ́ tó tan mọ́ APC kò wọ́pọ̀ lára jẹjẹrẹ ìfun àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bí ó ṣe wọ́pọ̀ lára ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ohun tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ ti wa ni àbùkù àwọn jíìnì tó ń ṣàtúnṣe àṣìkọ DNA. Ìmọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fún irú kan lè má ṣiṣẹ́ fún èkejì. Ó sì jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó bá fẹ́ wo ará ilé sàn gbọ́dọ̀ yẹ ará ilé wò.

Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìgbẹ́

Kókó tó ń dàgbà nílò ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó sì ń hù sínú rẹ̀ kò lágbára. Ìgbẹ́ tó ń kọjá a máa họ ọ́, ẹ̀jẹ̀ a sì jáde. Níbi yìí ni jẹjẹrẹ ti jọ jẹ̀díjẹ̀dí lójú aláìsàn. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni méjèèjì. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá dá lẹ́yìn tí ènìyàn mu àgbo, kì í ṣe ẹ̀rí pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kókó pàápàá a máa dá, a sì tún máa padà wá.

Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí àwọn tí àrùn yìí ń mú ti sábà máa ń kéré lọ́jọ́ orí ju ti Yúróòpù lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sì í dé ilé-ìwòsàn àfi nígbà tí àrùn bá ti tàn kálẹ̀. Ọdún tí ó yẹ kí á fi gé kókó kékeré kúrò ni à ń fi mu àgbo. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀, tí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń rù láìnídìí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ń dín kù, gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá: ìka tí dókítà fi ìbọ̀wọ́ bọ̀ lè mọ kókó tó wà nítòsí ihò ìdí. Ilé-ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ọ̀tà lè ṣe èyí fún ará Ìjù, kí wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣàgámù tàbí Èkó bí ó bá nílò kámẹ́rà. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní àrùn yìí kò gbọdọ̀ dúró de ẹ̀jẹ̀ rárá.

Ìkádìí

Ó ti hàn nínú iṣẹ́ yìí pé awọ inú ìfun ńlá kì í gbó, nítorí ojoojúmọ́ ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ń gòkè láti ìsàlẹ̀ kòtò. Ó tún hàn pé ìpínyà sẹ́ẹ̀lì kan náà tó ń dáàbò bo awọ yìí ni àṣìkọ ń bá wọlé, pé oúnjẹ lè mú kí ìpínyà náà yá tàbí kí ó rọra, àti pé jẹjẹrẹ ìfun máa ń fún ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di ohun tí apá kò ká. Orúkọ tí àwọn baba ńlá wa fún àìsàn kò burú. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n orúkọ kò gbọdọ̀ rọ́pò àyẹ̀wò. Àwọn olùkọ́ èdè àti olùkọ́ ìlera ní iṣẹ́ kan láti jọ ṣe níhìn-ín: kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí pé 'jẹ' inú jẹ̀díjẹ̀dí yàtọ̀ sí 'jẹ' inú jẹjẹrẹ, àti pé ilé-ìwòsàn ni a ti ń mọ èyí tó jẹ́.